Bí A Ṣe Ń Fi Fíláàṣì Ya Aṣọ Òwú Àfọwọ́hun Tí Ojú Ìhun Kò Fi Ní Pòórá

Láti ìgbà tí òjò ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Àǹtí, kí ló dé tí kádígàn tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan hun fi máa ń rí pẹlẹbẹ bíi páálí nínú fọ́tò?" Èmi náà á béèrè ohun kan ṣoṣo padà: níbo ni fíláàṣì yín wà nígbà tí ẹ tẹ kámẹ́rà? Ìdáhùn kì í yàtọ̀. Orí kámẹ́rà ló wà, ó dojú kọ aṣọ gan-an.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Aṣọ òwú kì í ṣe àǹkárá. Òkè àti kòtò ló kún ojú rẹ̀, òjìji kékeré tó wà nínú kòtò wọ̀nyẹn ló sì ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé nǹkan tó nípọn, tó rọ̀, ni òun ń wò. Bí iná bá ti iwájú wá, á wọ gbogbo kòtò lọ, kò ní sí òjìji mọ́. Bí iná náà bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, ojú ìhun kọ̀ọ̀kan á gbé òjìji tirẹ̀ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Àwa ará Iléṣà, ọmọ Òṣómàáló ni wá. Àwọn bàbá wa á ru aṣọ wọ ìlú onílùú, wọ́n á tú u sílẹ̀, oníbàárà á fọwọ́ pa á wò kó tó gbà á láwìn. Oníbàárà tiwa jókòó sí Àbújá, ó ń wo státọ́ọ̀sì WhatsApp. Kò lè fọwọ́ pa nǹkan kan. Òjìji yẹn ló kù tó lè fi mọ bí aṣọ ṣe rí.

Ẹni tó bá ní fèrèsé ńlá tí oòrùn kì í ta gbà tààrà, tó sì ráyè ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kó máa lo fèrèsé rẹ̀. Kò ní wàhálà. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti ilé iṣẹ́ dé ló ń rójú, tàbí tí òjò ti ṣú bo ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Kámẹ́rà tó ní ojú ibi tí a ti ń ki fíláàṣì bọ̀ lókè orí. Tòkunbọ̀ kò burú.
- Fíláàṣì tó dá dúró, tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yí agbára rẹ̀ sókè sódò. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ó ní M (manual, ìyẹn àfọwọ́yí). Godox àti Yongnuo pọ̀ lọ́jà, wọn kò sì gbówó lórí bíi ti ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà.
- Tírígà aláìlówáyà, kí fíláàṣì lè kúrò lórí kámẹ́rà. Àwọn bíi Godox TT600 ti ní ohun tó ń gba àṣẹ nínú, nítorí náà ẹyọ kan tó máa wà lórí kámẹ́rà ti tó.
- Bátìrì AA mẹ́rin tó ṣe é ṣájì, àti mẹ́rin mìíràn ní ìpamọ́.
- Kádíbọ́ọ̀dù funfun méjì àti dúdú kan láti ilé ìtàwé.
- Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí tracing paper.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú: bí ẹ bá bá fíláàṣì àtijọ́ nínú àpótí bàbá yín, ẹ má kì í bọ orí kámẹ́rà ìgbàlódé. Iná tó ń jáde ní ìdí àwọn kan nínú wọn ju 200 volt lọ, ó lè ba kámẹ́rà jẹ́. Bí fíláàṣì bá sì bàjẹ́, ẹ má tú u fúnra yín. Iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, tí ẹ tilẹ̀ ti yọ bátìrì. Iná tó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ ni.

Ẹ tún aṣọ ṣe ná

Fíláàṣì kì í bo àbùkù. Irun kan tó lẹ̀ mọ́ kádígàn tí ojú lásán kò rí, fíláàṣì ẹ̀gbẹ́ á sọ ọ́ di okùn.

- Ẹ wé sẹ́lótéèpù mọ́ ọwọ́, kí apá tó ń lẹ̀ wà níta, kí ẹ fi lẹ eruku àti irun kúrò. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá lára aṣọ dúdú.
- Ẹ fi abẹ́rẹ́ ki gbogbo ìrù òwú pamọ́ sẹ́yìn.
- Ẹ ki tíṣù díẹ̀ sínú apá àti fìlà kó lè gbé ara rẹ̀ dúró.
- Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní wúùlù lọ́jà, acrylic ni; ẹbí ike ni, kò bá àgùntàn tan. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná á pa á, á rọ jọ̀bọ̀tọ̀, á sì máa dán. Omi ni kí ẹ wọ́n sí i, kí ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ síbi tó tẹ́jú, kí ẹ fi pín-ìnnì mú etí rẹ̀, kó gbẹ bẹ́ẹ̀.

Fíláàṣì láti ẹ̀gbẹ́: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Bí ẹ kò bá ka ibòmíràn, ẹ ka ibí. Ìtò yìí ṣe pàtàkì. Ẹ má fo ìkẹrin.

1. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì tàbí ilẹ̀, lórí nǹkan tí kò ní àwòrán: aṣọ ìtẹ́lẹ̀ aláwọ̀ kan, pákó, tàbí ẹní tó mọ́. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí àdìrẹ. Àwọn méjèèjì á máa jà.

2. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì fa kọ́tìnì. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì funfun bí ti ọ̀sán, nǹkan bíi 5500 K (K, ìyẹn Kelvin, ni a fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Gílóòbù pípọ́n wà ní nǹkan bíi 2700 sí 3000 K. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ta sára aṣọ kan, àwọ̀ méjì ni kámẹ́rà máa rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ya ṣáálì ọmọ tuntun funfun kan báyìí. Ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ń ṣe búlúù. Obìnrin tó fẹ́ rà á béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Àǹtí, òwú yín tán ni?"

3. Ẹ yí kámẹ́rà sí M. Ẹ fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 200, ojú lẹ́ǹsì (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) sí f/8, ìyára ṣọ́tà (bí kámẹ́rà ṣe ń lajú pẹ́ tó) sí 1/160. Níbi tí wọ́n kọ WB sí, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ irú iná tí a ń lò fún kámẹ́rà kí àwọ̀ lè tọ́, ẹ yan àmì mànàmáná, èyí tó jẹ́ ti fíláàṣì. Ẹ má fi í sí Auto.

4. Ẹ ya fọ́tò kan láì tan fíláàṣì. Ó yẹ kó dúdú biribiri. Bí ẹ bá ṣì ń rí aṣọ díẹ̀díẹ̀, iná kan ṣì wà nínú yàrá tó ń yọ́ wọlé. Ẹ wá a kàn.

5. Ẹ gbé fíláàṣì sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ, bíi mítà kan sí i, kí ó ga ju aṣọ lọ díẹ̀. Ẹ ronú oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé tó sì ń fa òjìji àga gùn nílẹ̀: irú dídagun bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń wá. Ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín fíláàṣì àti aṣọ tí ẹ ń yà, kó jìnnà sí orí fíláàṣì tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ, náílọ́ọ̀nù tàbí bébà fara kan gíláàsì fíláàṣì. Bó bá ń ta léraléra pẹ̀lú agbára kíkún, ó ń gbóná débi tó fi lè yọ́ nǹkan.

6. Ẹ fi agbára fíláàṣì sí 1/16 agbára rẹ̀ kíkún, kí ẹ yà á. Bó bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ sọ ọ́ di 1/32. Bó bá ṣókùnkùn, 1/8. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ yí ṣọ́tà níbí, tí kò sì sí ohun tó yí padà. Kíákíá ni fíláàṣì ń tàn tó sì ń kú, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú bí ṣọ́tà ṣe pẹ́ tó. Agbára rẹ̀, ojú lẹ́ǹsì, ISO àti bó ṣe jìnnà sí aṣọ ló ń darí rẹ̀. Ti jíjìnnà yìí gan-an, ẹ ṣọ́ ọ: bí ẹ bá sún un láti mítà 1 sí mítà 2, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara aṣọ kò dín sí ìdajì, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù.

7. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ibi tí fíláàṣì kò sí. Bó bá dúdú jù, ẹ gbé kádíbọ́ọ̀dù funfun dúró níbẹ̀ kó dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ sún un mọ́ tòsí, ẹ fà á sẹ́yìn, títí tí òjìji á fi wà ṣùgbọ́n tí kò ní bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti ń yàtọ̀ síra nìyí. Èmi fẹ́ràn kí òjìji ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń hun fìlà ní kò wu òun bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ náà sì ń tà.

8. Ẹ sún fọ́tò sókè lójú kámẹ́rà títí tí ẹ fi lè ka ojú ìhun níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ rẹ fíláàṣì sílẹ̀ sí i, kí iná máa ra ara aṣọ kọjá.

Ìhun tó lọ́ mọ́ra bí irun dídì fẹ́ iná tó rọ̀, torí kòtò rẹ̀ jìn. Iná líle á sọ ọ́ di òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìhun pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ kéré fẹ́ iná tó le díẹ̀. Ẹ yọ aṣọ funfun yẹn kúrò fún un, kí ẹ sì dín agbára kù.

Bí kò bá sí tírígà: ẹ ta iná sí àjà

Ẹ fi fíláàṣì sílẹ̀ lórí kámẹ́rà, kí ẹ yí orí rẹ̀ kọjú sí àjà tàbí sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Ògiri ni mo máa ń yàn, nítorí láti ẹ̀gbẹ́ náà ni ìmọ́lẹ̀ á ti wá. Àjà ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n fún aṣọ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, á tún ti òkè dojú kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ gbé aṣọ kọ́ sára ògiri bí àjà ni ẹ ń lò.

1. ISO 400, f/5.6, ṣọ́tà 1/160, fíláàṣì 1/4. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ wo àwọ̀ ohun tí ẹ ń ta iná sí. Ògiri aláwọ̀ ewé á ta ewé sára aṣọ. Àjà tí òjò ti jò sí tó ní àmì pípọ́n náà kò dára. Ẹ so ṣíìtì funfun kọ́ síbẹ̀.
3. Àjà onípákó tó dúdú tàbí tó ga rékọjá kò ní dá nǹkan kan padà. Ẹ má bá a jìjàkadì, ẹ lo kádíbọ́ọ̀dù.

Bí fíláàṣì yín bá ń fi TTL (wíwọn ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ǹsì wọlé) ṣírò agbára fúnra rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó gbà pé àárín-méjì ni gbogbo nǹkan, bí eérú. Aṣọ funfun á di eérú lọ́wọ́ rẹ̀, dúdú náà á di eérú. Ẹ fi +1 kún un fún funfun, kí ẹ yọ ọ́ sí −1 fún dúdú.

Tó bá jẹ́ fóònù nìkan ni ẹ ní

Ẹ pa fíláàṣì fóònù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá lẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́; iwájú ni iná rẹ̀ máa ń gbà ní gbogbo ìgbà, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ẹ má sì ra fíláàṣì Godox nítorí fóònù pẹ̀lú èrò pé wọ́n á jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fóònù kò lè bá a mọ ìṣẹ́jú tó máa tàn.

- Ẹ yá tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹlòmíràn, tàbí làǹtánnà oníṣájì, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbésẹ̀ 5, pẹ̀lú aṣọ funfun níwájú rẹ̀.
- Ẹ gbé fóònù tí ẹ fi ń yà á ti ìwé tàbí agolo mílíkì kó má mì, kí ẹ lo táímà onísẹ́kọ́ńdì 3.
- Ẹ tẹ ìka mọ́ ojú ibi tí aṣọ wà títí ó fi máa dúró pa, kí ẹ fa àmì oòrùn sókè tàbí sódò.
- Bí ẹ bá rí ìlà tó ń sá kọjá lójú fóònù, làǹtánnà yẹn ló ń ṣẹ́jú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọ̀ àti irú òwú

Funfun: ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù títí ojú ìhun á fi padà wá, kí ẹ tó máa rò pé kò funfun tó. Ibi tó bá ti funfun kọjá ààlà nínú fọ́tò kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Dúdú: ìyàtọ̀ ni. Òjìji kò hàn lára dúdú. Dídán òwú ló ń fi ojú ìhun hàn. Ẹ gbé fíláàṣì lọ sẹ́yìn aṣọ díẹ̀, kó máa ta bọ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ wá fi kádíbọ́ọ̀dù dúdú bo lẹ́ǹsì lókè kí iná má wọ inú rẹ̀.

Pupa foo: kámẹ́rà tètè máa ń sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí kò ní ìhun. Ẹ dín agbára kù díẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Króṣè oníhò: ihò ni ẹwà rẹ̀, nítorí náà ìtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí i pátápátá. Funfun sórí dúdú, dúdú sórí funfun. Ẹ tún lè so ó kọ́ sójú okùn kí fíláàṣì ta láti ẹ̀yìn.

Òwú onírun tó máa ń gbọ̀n yẹ̀yẹ̀: iná ẹ̀yìn náà ló yẹ ẹ́, gbogbo irun etí rẹ̀ á tàn yòò.

Nígbà tí aṣọ bá wà lára ènìyàn

Ara dúdú àti kádígàn funfun: àwọn oníbàárà ìkómọ ló ń fa èyí jù. Bí ẹ bá ṣe ìmọ́lẹ̀ fún ojú ọmọ, aṣọ á jóná. Bí ẹ bá ṣe é fún aṣọ, ojú ọmọ á ṣókùnkùn. Ẹ ṣe é fún aṣọ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orí fíláàṣì kí àárín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba iwájú ojú kọjá, kó jẹ́ pé etí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kan àyà àti aṣọ. Kádíbọ́ọ̀dù funfun kan lábẹ́ àgbọ̀n tún ń ṣiṣẹ́ ńlá, bí ìyá ọmọ bá gbà láti bá yín gbé e mú.

Ẹ má ta fíláàṣì sójú ọmọ láti ìtòsí. Ẹ ta á sí ògiri. Ọmọ tó bá ti ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí, ìyá àgbà á sì ti máa wò yín láti ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá rí èyí, ìdí rẹ̀ nìyí

- Ìlà dúdú gbọọrọ bo apá kan fọ́tò: ṣọ́tà yára jù. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò lè kọjá 1/200 tàbí 1/250 pẹ̀lú fíláàṣì. Ẹ padà sí 1/160.
- Ìlà aláràbarà tó ń lọ́ bí omi lójú ìhun tó wẹ́: ìhun àti ojú inú kámẹ́rà ló ń kọlu ara wọn. Ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ dagun kámẹ́rà díẹ̀.
- Fọ́tò kan mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ṣókùnkùn: ẹ kò dúró kí fíláàṣì tún gba agbára. Ẹ retí iná kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ń pẹ́ jù, bátìrì ti ń kú lọ; ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.
- Òjìji dúdú kan lẹ́yìn aṣọ lára ògiri: aṣọ sún mọ́ ògiri jù. Ẹ fà á síwájú mítà kan.
- Fíláàṣì kò tàn rárá: ẹ wo nọ́ńbà ìkànnì lára tírígà àti lára fíláàṣì, bóyá ọ̀kan náà ni. Ìdajì àwọn tó ń pè mí lórí èyí, ìkànnì ni.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà

Ẹ gbé aṣọ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sán, kí ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo àwọn méjèèjì pa pọ̀. Bí àwọ̀ kò bá bára mu, ẹ tún un ṣe lórí fóònù, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ó pọ́n ju bó ṣe hàn lọ. Ẹ fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ lápapọ̀: gbogbo aṣọ, ojú ìhun nítòsí, àti èyí tí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú fíláàṣì àti tírígà kí ẹ tó kó wọn sápótí. Bátìrì tó bá jò sínú rẹ̀ lásìkò tí ẹ kò lò ó, irin inú rẹ̀ ló ń jẹ.